Ṣé Bàbá Mi Wà Lára Àwọn Àyànfẹ́?

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Tchaourou, lórílẹ̀-èdè Benin, ni epo bẹntiróò. Epo ilẹ̀ wa tí a máa ń tò fún láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní Ṣakí, òun ni mo bá létí títì níbẹ̀ nínú ìgò ńláńlá, tó ń dán nínú oòrùn, tí kò sí ẹni tó tò fún un. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo bi obìnrin tó ń tà á pé níbo ló ti rí i. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín náà ni, tata. Ẹ ò mọ̀ ni?" Ó rí lára mi bí ìgbà tí ènìyàn bá ewúrẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́jà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kí n tètè sọ ọ́: ẹnu mi kì í pẹ́ ya. Àwọn ará ilé wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá rọ̀ ní ìgbà òjò, èmi nìkan ni n óò ké "Háà!" Nítorí náà, ẹ má kà á sí àsọdùn bí mo bá ń sọ pé nǹkan yà mí lẹ́nu. Ó yà mí lẹ́nu lóòótọ́ ni, òmíràn nínú rẹ̀ sì ń yà mí lẹ́nu títí di òní.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo lọ. Nílé wa, Àdùkẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n Tata Sidoni ni wọ́n ń pè é ní Tchaourou, tata ni àǹtí lọ́dọ̀ wọn. Ó ti fẹ́ ará Ṣábẹ̀ kan láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ọkọ náà mú un wá síbẹ̀ wá dáko, ọkọ kú, Tata kò sì padà sílé mọ́. Èlùbọ́ ló ń ṣe. Ó ránṣẹ́ pé àgbà ti ń dé sí òun, kí wọ́n fún òun lẹ́nì kan, ni wọ́n bá mú èmi tí mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán tí n kò rí ṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ kò bá tíì bó iṣu láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ rí, ẹ má sọ pé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yíyún ara. A ó bó o, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò gbọdọ̀ hó, a ó bò ó mọ́jú, ilẹ̀ á mọ́, a ó sì sá a sórí àpáta. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo họ apá mi títí ó fi bó. Àwọn obìnrin tí a jọ ń bó iṣu ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe apá mi nìkan ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, èdè mi náà ni. Bí mo bá ti la ẹnu, ọ̀kan nínú wọn á ké sí àwọn yòókù pé, "Ẹ wá gbọ́ o! Rédíò Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀!"

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ẹni tó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ èdè rẹ̀ kò lè dá wà. Irọ́ ni. Bí o bá wà láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ, o lè di ẹ̀bi ru èdè. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, tí ìwọ náà gbọ́ tiwọn, tí wọ́n bá sì rẹ́rìn-ín ohun tí kò pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ta ni o máa bá wí? Mo máa ń jókòó síwájú ilé Tata nírọ̀lẹ́, mo ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakou, mo ń ronú pé ká ní mo lọ sí Lọndọnu, ó kéré tán òtútù ni ǹ bá máa sọ pé ó ń pa mí.

Ohun kan wà nínú ẹrù mi tí mo kà sí ju aṣọ lọ, agogo mi ni. Ní Ṣakí, mo wà nínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí àkùkọ tó kọ tán, a ti wà lójú pópó. A ó lu agogo, a ó kígbe pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ jí, kó ronú pìwà dà, a ó sì kọjá sí ojúde ilé kejì. Kò sí ilé tí mo máa ń kígbe sí tó ilé wa fúnra wa, lábẹ́ fèrèsé bàbá mi.

Ọdẹ ni bàbá mi kó tó di àgbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn. Ó jẹ́ kí ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ kí èmi náà lọ, àní ó máa ń bá wa wá Bíbélì tí a bá gbàgbé ibi tí a fi í sí. Òun fúnra rẹ̀ kò wọlé rí. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró sí, ó di fìlà rẹ̀ mú níwájú àyà, títí ìsìn fi parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi yóò kú, yóò sì lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ìdí tí mo fi ń lu agogo nìyẹn.

Ìjọba tó wà lóde ní Benin nígbà náà, rẹnufó ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ayé ti di tuntun. Tata sọ fún mi pé láyé àwọn ológun, ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà sókè á kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn fèrèsé. Nígbà tí mo dé, ẹnu ti di ti oníkálukú. Ẹgbẹ́ òṣèlú ń hù, ilé rédíò ń hù, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù. Mo sọ fún ara mi pé ibi tí ó yẹ agogo mi ni mo dé yìí.

Ní ọjọ́ Àìkú tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, mo jí ní ìdájí, mo lu agogo láti ilé Tata títí dé ìdí ọjà. Nígbà tí mo padà, mo bá ọkùnrin gíga kan lórí àga níwájú ilé, tí oje kajú ti dá ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Tata ní pásítọ̀ wa nìyí, Pásítọ̀ Jónà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo rò pé ó wá yìn mí.

"Ọmọ wa, bonne arrivée," ó ní. "Ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Agogo yẹn dára. Mais a kì í lù ú níbí." "Mais" wọn ni "ṣùgbọ́n" wa.

"Ìjọba ni kò gbà á ni, sà?"

"Ìjọba kẹ̀? Ìjọba ti gbà á. Èmi ni n kò gbà á."

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Mo bi í pé bí a kò bá jáde lọ wàásù, báwo ni àwọn èèyàn yóò ṣe di ìgbàlà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí àgbà ṣe ń rẹ́rìn-ín ọmọdé. Ó ní, "Àwọn tí Ọlọ́run yàn yóò wá. Ọ̀kan nínú wọn kò ní í sọnù. Àwọn tí kò yàn, bí o lu agogo títí apá rẹ fi já, wọn ò ní í jí. Donc sinmi, ọmọ mi. Lọ jẹun."

Èmi lọ jẹun? N kò lè gbé oúnjẹ mì. Mo rìn láti ilẹ̀ kan dé ilẹ̀ kejì, mo bá pásítọ̀ tó ní kí a má wàásù! Ìjọba tú ẹnu sílẹ̀, pásítọ̀ wá dì í. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohun kan náà ló tún sọ lórí pẹpẹ. Ó ní kí Ọlọ́run tó dá ayé ló ti yan àwọn tirẹ̀, kì í ṣe nítorí ìwà wọn, kì í sì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n máa ṣe. Ènìyàn kò lè fi ẹyọ kan kún wọn, kò sì lè yọ ẹyọ kan kúrò. Mo wo ojú àwọn ìjọ. Ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín, wọ́n jókòó bí èrò ọkọ̀ tó ti sanwó. Èmi ń ronú ọkùnrin kan tó di fìlà mú lẹ́nu ọ̀nà.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bí nínú. Frère Filibẹ, arákùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ti ń dì í sínú tipẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, pásítọ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ nígbà tí Filibẹ dìde.

"Pasteur, excusez. Jésù ní kí a lọ. Ṣé kò sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní kí a lọ! Kò ní kí a jókòó sábẹ́ kajú ká máa retí àyànfẹ́!"

"Filibẹ, jókòó."

"Mi ò jókòó! Mo ti wá ìdí ọ̀rọ̀ yín. Calviniste ni yín!"

Ariwo sọ. Gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn pé kí ni wọ́n pe pásítọ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí fi ìgúnpá gbún mi. "Ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun ni? Àwọ̀ wo ni wọ́n máa ń yà síwèé ìdìbò?" Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ tó ní Ọlọ́run ti yan tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ kò bínú. Ó ní orúkọ tí wọ́n bá pe òun kò já mọ́ nǹkan, pé bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́ ni kí Filibẹ wò. Filibẹ kò wo nǹkan kan. Ó jáde, ìdajì ìjọ sì tẹ̀ lé e. Mo wo Tata, Tata kò mira lórí bẹ́ǹṣì. Èmi gbé Bíbélì mi, mo bá wọn jáde.

Inú mi dùn ní àkókò náà, mi ò ní í parọ́. Filibẹ so gbohùngbohùn mọ́ bátìrì ọkọ̀, ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ alùpùpù ni wọ́n ń pè ní mọ́tò níbẹ̀, a sì ń káàkiri. A lọ sí ọjà Tchatchou. A gba ọ̀nà Bétérou. Èmi ń lu agogo, Filibẹ ń sọ̀rọ̀, mo ń túmọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ Yorùbá rédíò. Àwọn obìnrin tó ń fi mí ṣẹ̀sín bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Tata Agogo." Mo kà á sí oyè. Orúkọ kò kúkú burú fún ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, a dé abúlé kan ní Sanson. Bàbá mùsùlùmí kan, àgbẹ̀, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àga, kí wọ́n gbé omi. Ó jókòó, ó tẹ́tí sí Filibẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já a lẹ́nu. Nígbà tí Filibẹ parí, ó ti ń tan mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ ti ń lọ?" bàbá náà ní.

"Bàbá, abúlé ṣì pọ̀ níwájú."

"Mais mo gbọ́ tiyín. Ṣé ẹ ò ní í gbọ́ tèmi ni?"

Filibẹ ní à ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. A kò padà lọ. Nígbà náà, n kò ro ohunkóhun sí i ju pé omi rẹ̀ tutù.

Ilé ń pè mí lọ́kàn. Obìnrin kan gbé tábìlì kalẹ̀ lábẹ́ agbòjò, ó so tẹlifóònù mọ́ ọn, òun la ń pè ní kabíìnì. Ní Ṣakí, ìyàwó télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ti ra fóònù alágbèéká, òun ló máa ń gbé e sáré tọ bàbá mi lọ. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, n óò gbọ́ adìyẹ ilé wa, omi á lé sí mi lójú kí bàbá mi tó sọ̀rọ̀ rárá.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, bàbá. Bàbá, ẹ fi ọkàn yín fún Jésù. Àkókò ń lọ."

"Ẹsẹ̀ mi ló ń wú."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ọ̀tún. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí n kò dé oko."

"Bàbá, ẹ gbà á lónìí o, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la..."

Ẹ̀rọ gé. Obìnrin kabíìnì ní owó mi ti tán. Mo dúró síbẹ̀, mo di ẹ̀rọ mú. N kò tilẹ̀ bi bàbá mi bóyá ó lo oògùn.

Mo sọ ọ́ fún Filibẹ pé ara bàbá mi kò yá. Mo fẹ́ kó bá mi gbàdúrà. Ó gbàdúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ lẹ́yìn àdúrà ló pa mí. "Ma sœur, ẹ mọ̀ pé bí bàbá yín bá lọ báyìí, ọwọ́ yín ni Ọlọ́run máa ti béèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń rán mi létí pé òjò fẹ́ rọ̀. Mo wà ní Tchaourou, bàbá mi wà ní Ṣakí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi!

Mo ń bó iṣu, n kò mọ ohun tí mò ń bó. Tata gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní bí mo bá máa gé ìka, kí n lọ gé e lóko ẹlòmíràn. Ni mo bá lọ sí oko Pásítọ̀ Jónà, lójú ọ̀nà Bétérou. Ìgbà kajú ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ kóró kúrò lára èso, òórùn kajú gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ó ti tó oṣù bíi mélòó kan tí n kò ti kí i.

"Pásítọ̀," mo ní, "ìbéèrè kan ló gbé mi wá. Ṣé bàbá mi wà lára àwọn tí Ọlọ́run yàn?"

Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀. "Ọmọ mi, n kò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀?"

"Kò sí ẹni tó mọ̀, àfi Ọlọ́run."

Mo bú sẹ́kún. Ẹkún ìbínú ni. Mo ní, "Filibẹ ní ọrùn mi ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ní kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ẹnì kan di ẹrù tí n kò lè rù lé mi lórí, ẹnì kejì gba òṣùká lọ́wọ́ mi. Báwo ni kí n ti ṣe é?"

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí lórí pẹpẹ rẹ̀. Ó ní òun náà lu agogo nígbà ọ̀dọ́ òun. Ọ̀rẹ́ òun kan wà, wọ́n jọ dàgbà, òun wàásù fún un títí, kò gbà. Ejò bu ọ̀rẹ́ náà ṣán lóko, kò délé. "Fún ìgbà pípẹ́, n kò fojú kan oorun. Mò ń sọ pé bóyá bí mo bá ti gbààwẹ̀ sí i. Bóyá bí mo bá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ó yé mi pé Ọlọ́run ló ń gbani là, pé kì í ṣe ẹnu Jónà, ọjọ́ yẹn ni mo sùn. Voilà. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ mi le. Òun ló jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n àánú bàbá mi ṣe mí jù. "Ẹ̀yin sùn ní tiyín, sà," mo ní. "Èmi kò tíì sùn." Mo yí padà, mo lọ. N kò kúnlẹ̀, n kò sọ pé ó dàbọ̀. N kò sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà báyẹn rí láyé mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò bá Filibẹ jáde mọ́. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ó kúkú pọ̀ lóòótọ́. Èlùbọ́ tí mo dá nìkan ṣe, láti bíbó dé sísá, funfun, kò ní èéfín, kò ní iyanrìn. Oníbàárà Tata tó wá láti Parakou fọ́ ọ lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Tata nawọ́ sí mi. "Ọmọ wa ni." Kò ní ọmọ Nàìjíríà, kò ní àlejò. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé lọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú kan báyìí, Tata padà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì kíákíá. Pásítọ̀ kò wá. Alàgbà kan ló ka Ìwé Mímọ́ fún wọn, ó sì tú wọn ká. Ọ̀rọ̀ gba ìlú. Àwọn kan ní ó ti sá. Àwọn èèyàn Filibẹ ní ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló ń lé e kiri. Mo bi Tata bóyá ó mọ ibi tó lọ. Tata ní òun ń bẹ̀ mí, kí n wo iná.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí kabíìnì. Ohùn bàbá mi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣeun o," ó ní. "Wàrà pupa tí ẹ fi rán an ti tán. Ó dùn."

"Wàrà wo, bàbá?"

"Èyí tí ọkùnrin yín gbé wá. Ọkùnrin gíga kan, tó ń sọ Yorùbá bí ará Ṣábẹ̀, tí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má ki Faransé bọ̀ ọ́."

Mo di etí tábìlì mú. "Bàbá, mi ò rán ẹnikẹ́ni sí yín."

"Hẹn? Ó mọ orúkọ rẹ. Ó mọ orúkọ Àdùkẹ́. Ó ní òun wá kí mi ni. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà fún ẹsẹ̀ yìí, ó padà wá, ó bá mi gbin èèbù tó kù lóko. Ó mọ iṣẹ́ o! Nígbà tí a jẹun tán, ó ka ìtàn ẹni tí àgùntàn rẹ̀ kan sọnù fún mi, tó fi àwọn yòókù sílẹ̀ lọ wá a. Mo ní ìyẹn yé mi, èmi náà ti wá ajá mi nínú igbó rí."

"Bàbá, ẹ ti gbọ́ ìtàn yẹn tẹ́lẹ̀! Ìdájí àìmọye ni mo sọ ọ́ lábẹ́ fèrèsé yín!"

"Mo máa ń gbọ́ agogo," bàbá mi ní. "Mo máa ń dìde. Nígbà tí mo bá fi máa rí bàtà mi wọ̀, kí n jáde wá bi ọ́ ní nǹkan, ẹ ti dé ojúde ilé kejì."

N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rọ gé. Obìnrin kabíìnì bi mí bóyá wọ́n túfọ̀ fún mi ni. Mo ní rárá. Mo ní bàbá mi ń wá bàtà.

Tata ló fi wàrà náà rán pásítọ̀, ó ra wagásì, bí wọ́n ṣe ń pe wàrà níbẹ̀, lọ́wọ́ Fúlàní, ó fi poroporo ọkà rẹ ẹ́ ní pupa kó má bàa bàjẹ́ lọ́nà. Òun ló júwe ilé. Kò sì bẹ̀ mí pé òun fi í pamọ́ fún mi. Ó ní àṣírí pásítọ̀ ni, pé èmi tí ẹnu mi kì í pẹ́ ya yìí, òun kò lè fi í sí mi lọ́wọ́.

Mo bá Pásítọ̀ Jónà lóko rẹ̀, níbi tí mo fi í sí lọ́jọ́sí. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé kòkòrò wà nílẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí a má lọ. Ẹ̀yin lẹ ní àyànfẹ́ yóò wá."

"Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló ń yàn. Mais o bi mí nípa bàbá rẹ, mo ní n kò mọ̀. Nígbà tí o lọ tán, mo wá rí i pé láti ọdún pípẹ́ wá, mo ti ń jókòó bí ẹni tó mọ̀." Ó ju kóró kan sínú agbọ̀n. "Bí Ọlọ́run bá ní ènìyàn ní Ṣakí, ta ló máa lọ wò ó? Mo ní kí n lọ wò bóyá bàbá rẹ ni."

"Ṣé òun ni?"

"Mo bi í pé kí ló rí sí ọ̀rọ̀ náà. Ó dá mi lóhùn. Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó o ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi."

Bàbá mi lo ọdún díẹ̀ sí i. Kó tó lọ, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibi tó ti lè tètè jáde. Nígbà tí ìròyìn náà dé Tchaourou, Pásítọ̀ Jónà ní ẹ ò rí i, àyànfẹ́ ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Filibẹ ní ẹ ò rí i, ẹnì kan ló lọ wàásù fún un. Ó tún ń bi gbogbo ènìyàn pé, "Calviniste náà ló lọ? Ah bon?" Wọ́n ń jà lé bàbá mi lórí títí di òní, àwọn méjèèjì tí ẹnu wọn kò kò rí. Èmi ń ta èlùbọ́ fún ìhà méjèèjì. Bí wọ́n bá ní kí n wí tèmi, mo máa ń ní èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yàn án, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀.

Nítorí pé mo lọ sílé. Lẹ́yìn tí a kó èlùbọ́ ọdún náà lọ tán, Tata yọ̀ǹda mi. Mo fi agogo sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló fi ń pe àwọn tó ń bó iṣu wá jẹun. Mo bá bàbá mi nínú yàrá, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, fèrèsé tí mo mọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò rí fèrèsé náà láti inú ilé fún ìgbà pípẹ́. Mo kúnlẹ̀, ó súre fún mi, ó wo ọwọ́ mi.

"Agogo dà?"

"Mo fi í sílẹ̀, bàbá."

Ó mi orí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ bá yín sọ, kí lẹ rí sí i?" Mo wá pa ẹnu mọ́. Ó le fún mi, ẹ gbà mí gbọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ló dé ẹnu mi tó ń ta pọ́ún pọ́ún, mo gbé wọn mì.

Bàbá mi fi ẹsẹ̀ tó yá wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Kò kánjú. Ó rí ọ̀kan, ó wọ̀ ọ́. Ó rí èkejì, ó rọra ki ẹsẹ̀ tó wú bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Ọ̀rọ̀ náà gùn," ó ní. "Ṣé o máa dúró?"

Mo ní n óò dúró.